Ọ̀sẹ̀ Iléyá Tí Lọ́yà Ará Áísílándì Fẹ́ Di Káńsẹ́lọ̀

Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Máfolúkù ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà, mo ń ṣe fótókọ́pì, mo ń fi ike bo ìwé ẹ̀rí. Lókè mi gan-an ni Lọ́yà ń lo yàrá méjì gẹ́gẹ́ bí ọ́fíìsì. Ọdún mọ́kànlá ni a fi jọ wà bẹ́ẹ̀, òun lókè, èmi nísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó tẹ ìwé rẹ̀ tó mi. Ìwé tí onílé fi ń lé ayálégbé, ìwé tí ayálégbé fi ń dá onílé lóhùn, ìwé ìbúra fún ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù, gbogbo rẹ̀ ló gba ọwọ́ mi kọjá. Á sọ̀ kalẹ̀, á jókòó sórí àga oníke, á máa pè é, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Bí bàálù bá ń bọ̀ wálẹ̀ sí pápákọ̀, á gbé ìka kan sókè, á dákẹ́. Bàálù á kọjá, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi kọ́mà tó dúró sí. Mo ti fi aago wọ̀n ọ́n: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún fún bàálù ńlá, méjìlá fún kékeré.

Ará Áísílándì ni. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, wọ́n á ní, “Ibo nìyẹn? Ṣé ẹ̀gbẹ́ Jámánì ni?” Èmi á wá ṣí àwòrán ayé sórí kọ̀ǹpútà, màá fi hàn wọ́n. Erékùṣù kan ni, ó dá wà ní òkè pátápátá nínú òkun, òkè tó ń yọ iná wà níbẹ̀, yìnyín sì wà lórí òkè tó ń yọ iná náà. Nígbà ooru wọn, ilẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Nígbà òtútù, oòrùn á yọjú fún wákàtí mẹ́rin, á padà lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní nǹkan wọ̀nyí. Bí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà kò tí ì dé, mo máa ń kà nípa ìlú rẹ̀, ohun tó bá sì rú mi lójú, mo máa ń gun àtẹ̀gùn lọ bi í.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó kọ́kọ́ dé Èkó. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ẹja gbígbẹ líle yẹn, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní òkpòròkó, ló rán an wá. Kọ̀ǹténà méjì tó kún fún orí ẹja há sí Àpápá, wọ́n ní kó wá fi òfin yọ wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ibà dá a dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gún un lábẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìsọlọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ títí dòní. Ọmọ Èjìgbò ni ìyá yìí, gbogbo àdúgbò ń pè é ní Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn náà di ìtàn ìfẹ́.

“Ó ń sunkún,” ni ó máa ń wí. “Bó ṣe ga tó yẹn, abẹ́rẹ́ bíńtín, ó ń sunkún. Àánú ni mo fi fẹ́ ẹ.”

“N kò sunkún,” ni Lọ́yà á dá a lóhùn. “Òógùn ni.”

“Òógùn láti ojú?”

Ọwọ́ ìyàwó yìí ló ti gbọ́ Yorùbá, ìdí nìyẹn tó fi ń sọ ọ́ bí àgbàlagbà Èjìgbò, díẹ̀díẹ̀, láì fi Gẹ̀ẹ́sì là á. Ó padà lọ kó ẹrù rẹ̀, ó wá jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ òfin níbí pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó fi ọjọ́ orí jù, nítorí òfin tiwọn lọ́hùn-ún kò jọ tiwa. Nígbà tó yá, ó di ọmọ Nàìjíríà lábẹ́ òfin. Èmi ni mo ṣe ẹ̀dà ìwé náà nígbà tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ìdíje. Ó dúró tì mí, ó ní kí n má fi pínnì gún un.

Kí n tó sọ bó ṣe di olóṣèlú, mo gbọ́dọ̀ sọ ti kọ́kọ́rọ́.

Àwọn tó pọ̀ jù ní òpópónà wa kì í ṣe ọmọ Èkó. Ìsẹ́yìn, Òkèihò, Ṣakí, Ìwó, Ẹdẹ, ibẹ̀ la ti wá. À ń háyà yàrá kan, yàrá méjì, à ń ṣiṣẹ́, a sì ti wà níbẹ̀ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Síbẹ̀, bí o bá bi wá pé níbo nilé, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Máfolúkù. Bí Iléyá bá kù bí ọjọ́ mẹ́ta, òpópónà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Àpò á jáde, ìrẹsì á jáde, àwọn ọmọ á wọ aṣọ tuntun kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Tí ó bá fi máa di ọjọ́ yìdì, o lè na ọ̀já láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin kí ó má kan ẹnikẹ́ni.

Lọ́yà kì í lọ. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ń kó kọ́kọ́rọ́ sí. Ó ti pẹ́ tí àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kan pátákó kan mọ́ ara ògiri, ìṣó tò sórí rẹ̀, èmi ni mo ń tẹ ìwé pélébé tí wọ́n ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́: nọ́ńbà ilé, nọ́ńbà yàrá, ohun tó yẹ ní ṣíṣe. “Ẹ bá wa bomi rin ewé.” “Ẹ ju àgbàdo fún adìyẹ.” “Bí iná bá dé, ẹ tan fíríjì.” Lọ́yà á máa lọ láti ilé dé ilé bíi dókítà.

Ó fẹ́ràn Iléyá ju ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tí mo mọ̀ lọ, ìdí sì wà fún un. Lọ́dọ̀ wọn, ní oṣù kẹsàn-án, gbogbo ọmọ oko tó ti lọ sí ìlú ńlá á padà sílé nítorí àgùntàn. Láti ìgbà tí ooru bá ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń tú àwọn àgùntàn sórí òkè, láìsí darandaran. Tí òtútù bá ń bọ̀, ìdílé gbogbo á gun òkè lọ dà wọ́n wálẹ̀, wọ́n á kó wọn wọ ọgbà róbótó kan tó pín bí ọsàn tí a là: àárín, àti yàrá yí àárín ká, yàrá kan fún ìdílé kan. Etí ni wọ́n fi ń mọ èyí tó jẹ́ ti ẹni, nítorí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àmì tó ń gé sí i. Wọ́n á pa nínú rẹ̀. Wọ́n á fi iná wi irun orí rẹ̀ títí á fi dúdú, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á sè é. Lọ́yà mọ orí àgbò wi ju alápatà lọ. Àwọn ìdílé díẹ̀ tí kì í kúrò ní Máfolúkù máa ń gbé orí àgbò wá fún un, á jókòó lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú iná àti búrọ́ọ̀ṣì onírin, ojú rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ á dùn.

Afárá ló sọ ọ́ di olóṣèlú. Láàárín òpópónà wa àti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kánáàlì kan wà, pátákó mẹ́ta la tẹ́ lé e lórí. Ní àsìkò òjò kan, omi gbé pátákó náà, ó sì gbé ọmọbìnrin kan tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n rí ọmọ náà fà yọ, bàtà rẹ̀ kan ló lọ. Láti ọjọ́ náà ni Lọ́yà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Mo tẹ mẹ́tàdínlógún. Mo fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí èsì rẹ̀ dé.

Ní ọjọ́ tí a tẹ ìkẹtàdínlógún, ó jókòó, kò gòkè padà.

“Yàrá kan wà tí wọ́n ti ń pinnu irú nǹkan yìí,” ó ní. “Mo fẹ́ wọ ibẹ̀ lọ jókòó.”

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni nígbà náà. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun máa du ipò káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, bí òun bá pàdánù, òun kò ní í tún un dù mọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kọ lẹ́tà.

“Bí o bá sì wọlé ńkọ́?” ni Mọ́mì Nọ́ọ̀sì bi í.

“O di ìyàwó káńsẹ́lọ̀.”

“Èmi? Èmi ti fẹ̀yìntì.”

Ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan gbà á wọlé, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ bá wọn dù ú. Mo di akọ̀wé ìpolongo. Kò sẹ́ni tó yàn mí, èmi ni mo kàn ra ìwé ńlá tó ní èèpo líle. Mo fa ìlà sí i. Mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sọ pé Lọ́yà lòun máa dìbò fún, nọ́ńbà ilé rẹ̀, ibùdó ìdìbò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, bóyá káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́. Mo fi bírò àwọ̀ ewé sàmì sí àwọn tó dájú, mo fi pupa sí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo mọ ibùdó tí a ti lágbára àti ibi tí a ti rọ, mo sì lè ka wọn fún ọ láìwo ìwé.

Ẹni tó bá a dù ú jẹ́ ọmọ ìlú gidi. Máfolúkù ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe tà, ó láwàdà, kò sì burú. Nígbà tí a pe àwọn méjèèjì jọ sí ìpàdé àdúgbò, ó dìde, ó tún fìlà ṣe.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè kan péré ni mo ní. Bí Iléyá bá dé, gbogbo ayé á lọ sílé. Níbo ni Lọ́yà ń lọ? Ẹni tí kò níbi tó ń lọ, ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun ni, nítorí lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò nílé tó ń padà sí dà bí ẹni tó sá fún nǹkan.

Lọ́yà dìde. “Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. Àwa méjèèjì ni kì í lọ. Ẹ̀yin á máa sùn, èmi á máa ṣọ́ ilé wọn.”

“Yéè!” ni àwọn obìnrin ẹ̀yìn pariwo. Oníbúlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó nà án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ yẹn, mo fi àwọ̀ ewé sàmì sí orúkọ méjìlá tó ti jẹ́ pupa.

Sátidé ni ìdìbò. Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kan náà ni Iléyá.

Mo mọ ọjọ́ méjèèjì. Mo ti kọ ọ̀kan sí iwájú ìwé ńlá yẹn, mo sì ti sàmì sí ìkejì lórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ìgbà kan tí mo fi ọ̀kan wo èkejì. Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú, èmi tìkára mi jókòó, mo tẹ ìwé pélébé kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlélógójì, mo gé wọn, mo lu ihò sí wọn lára, mo so wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá wá gba tirẹ̀, màá ní, “A dúpẹ́, ẹ kí ilé o, ẹ má gbàgbé Lọ́yà ní Sátidé tó ń bọ̀.” Wọ́n á ní, “Ká gbàgbé kẹ̀! Tiwa ni.” Wọ́n á sì gbé àpò wọn. Ní Mọ́ńdè, mo so kọ́kọ́rọ́ tèmi náà mọ́ ìṣó kejìlélógójì, mo wọ ọkọ̀ Ìsẹ́yìn.

Lọ́jọ́ ọdún, lẹ́yìn tí a ti yìdì dé, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, mò ń jẹ ẹ̀dọ̀ sísun. Mo ti gbé ìwé ńlá náà dání láti Èkó kí n lè fi yangàn. Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn.

“Àwọn wo nìwọ̀nyí?” ó bi mí.

“Àwọn tó máa dìbò fún Lọ́yà ní Sátidé, màámi. Ẹ wo gbogbo aláwọ̀ ewé yìí.”

“Télọ̀ obìnrin tó ń gbé ní òpópónà yín, ṣé ó wà níbẹ̀?”

“Ó wà. Ilé kẹsàn-án. Ẹni tó dájú ni.”

“Mo rí i ní yìdì láàárọ̀. Ó ti sanra sí i.” Ó ń gé ẹran lọ. “Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe yẹn ńkọ́?”

“Òun náà wà.”

“Òun ló ń bó awọ àgbò wa lẹ́yìnkùlé yẹn.”

Mo wo ojú fèrèsé. Òun ni lóòótọ́, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń juwọ́ sí mi.

“Ìwọ ńkọ́?” ni ìyá mi wí. “Ṣé o wà nínú ìwé ẹ?”

“Èmi ni nọ́ńbà kìíní.”

“Ó dáa. Jẹ ẹ̀dọ̀ ẹ, kó tó tutù.”

Ẹ̀dọ̀ náà kò lọ mọ́. Mo ṣí ìwé, mo ń fi ìka tọ orúkọ láti òkè dé ilẹ̀: Ìsẹ́yìn, Ìsẹ́yìn, Ìwó, Ṣakí, Ẹdẹ, Ìsẹ́yìn. Nínú gbogbo àwọn tí mo fi àwọ̀ ewé sàmì sí, kò ju ìdílé mẹ́fà lọ tó wà ní Èkó. Gbogbo àwọn èèyàn oníbúlọ́ọ̀kù sì wà nílé pérépéré, nítorí ibẹ̀ nilé wọn. Mo ti ka gbogbo nǹkan, àfi ohun tí ọmọdé lè kà.

Mo pe fóònù. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì ló gbé e.

“Akọ̀wé! Ẹ kú ọdún o. Ṣé ẹran ń wọlé dáadáa?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Bàbá.”

“Á à, ó ti rántí! Lọ́yà, ó ti rántí o! Mo ní ọ̀la ló máa rántí, o ní òní. Ìwọ lo borí.”

Lọ́yà gba fóònù. Mo gbọ́ tí iná ń ta lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wi orí àgbò lọ́wọ́.

“Bàbá, gbogbo wa la wà nílé.”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.”

“Ẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

Mo gbọ́ tí búrọ́ọ̀ṣì onírin ń ha orí àgbò. “Èèyàn mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá fún mi, ó ní òun fẹ́ lọ rí ìyá òun. Ṣé kí n wá sọ fún un pé kó má lọ, nítorí mo fẹ́ di káńsẹ́lọ̀?”

“Bàbá, afárá ńkọ́?”

“Afárá ṣe pàtàkì,” ó ní. “Ṣùgbọ́n èmi náà nílé tí n kò lọ nígbà tó yẹ kí n lọ. Wọ́n sin ìyá mi, mo wà ní kóòtù ní Ìkẹjà, mò ń gbẹjọ́ rò fún ẹnì kan lórí yàrá kan àti pálọ̀. N kò lè ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Bá mi kí màmá.”

Lọ́dún mọ́kànlá, kò sọ èyí fún mi rí. Mo rò pé mo mọ gbogbo nǹkan nípa ọkùnrin náà, títí kan ìwọ̀n bàtà rẹ̀.

Òun kò lè ní kí wọ́n má lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ ná, wọ́n ti rí ìyá wọn. Èmi lè ní kí wọ́n bọ̀. Mo pe gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé. Ti Ìwó àti Ẹdẹ, ọ̀pọ̀ ìpè kò wọlé, àwọn tí tiwọn wọlé ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mi dáadáa. Ní Tọ́sìdeè, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rin Ìsẹ́yìn láti agbolé dé agbolé.

Ọ̀gá amúlétutù ní, “Ọ̀rẹ́, ìdajì àgbò mi ṣì wà nínú ìkòkò.”

“Ẹ gbé ìkòkò dání.”

“Ọkọ̀ wo ló fẹ́ gbé èmi àti ìkòkò?”

“Èyí tí mo ti háyà.”

Télọ̀ obìnrin nìkan ló fẹ́ mú mi sunkún. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ tí kò ríran mọ́, ó ń di irun fún un. “Ọdún mẹ́ta ni n kò fi wálé,” ó ní. “Ṣé ọjọ́ méjì péré ni mo fẹ́ lò?” Mo ní mo gbọ́, mo yí padà. Ìyá arúgbó náà ló pè mí padà. “Ta ni ó ń dìbò fún?” Mo ṣàlàyé. “Ṣé òun ni òyìnbó tó ń fún adìyẹ ẹ lóńjẹ?” ó bi ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní òun ni. “Dìde, máa lọ. Irun náà ti tó bẹ́ẹ̀. N kò kúkú ń wo dígí.”

Èèyàn mẹ́tàlélógún ló gbà. Bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún ni mo háyà. Ní Fúráìdé, a gbéra kí oòrùn tó là dáadáa, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lọ́jọ́ ìdìbò. A gba Abẹ́òkúta, a gba Ìtòrí, ìkòkò ọ̀gá amúlétutù wà láàárín ẹsẹ̀ mi, ọbẹ̀ ń dà sí mi ní bàtà ní gbogbo kòtò. Ní Ṣàngó, a dúró fún wákàtí méjì ààbọ̀ lójú kan, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

“Akọ̀wé, ìwé ẹ yẹn, kò ní ojú ewé kàlẹ́ńdà?”

“Ó ní bírò aláwọ̀ mẹ́rin, kò ní làákàyè kan.”

Aago mẹ́rin ti kọjá nígbà tí a wọ Máfolúkù. Òpópónà dá wáí. Lọ́yà ń bọ̀ láti ilé kan pẹ̀lú korobá, ojú rẹ̀ ṣì dúdú fún èéfín. Ó rí wa tí à ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àpò, ọmọ, ìkòkò. Ó gbé korobá sílẹ̀.

“Ta ló ní kí ẹ máa bọ̀?”

“Lọ́yà, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ wá,” ni télọ̀ dáhùn. “Ẹ̀yìn ń dùn wá. Ẹ jẹ́ ká wọlé ká tó máa ṣẹjọ́.”

Ó dúró níbẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù nù ún, ó tún gbé e wọ̀, ó tún bọ́ ọ. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì jáde síta, ó wò ó.

“Ẹ má dá a lóhùn,” ó sọ fún wa. “Òógùn ni.” Òun náà sì ń fi ìró nu ojú.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo wa tò sí ibùdó ìdìbò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé náà, ní òdìkejì kánáàlì. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n da ìbò sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ń gbé e sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa sì ń bá wọn kà á sókè, tiwọn àti tiwa. Lọ́yà kò wá sí ibi tí wọ́n ti ń ka ìbò. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì ní ó ń bomi rin ewé ilé kẹrìnlá. Wọ́n ṣẹ́gun wa ní ibùdó méjì, a ṣẹ́gun wọn ní mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún wọ́ọ̀dù, a fi ìbò mẹ́rìnlá ju wọ́n lọ.

Mẹ́rìnlá. Èèyàn mẹ́tàlélógún ló wọ bọ́ọ̀sì mi, mo sì mọ iye ẹni tó ní káàdì nínú wọn: ogún. Mo sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti fún àwọn tí kò fẹ́.

Oníbúlọ́ọ̀kù wá sí ẹnu ọ̀nà Lọ́yà fúnra rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dì mọ́ ọn. “Lọ́yà, ẹ kú oríire. Ẹ ti fi mọ́tò Ìsẹ́yìn gbá mi. Láti ọdún tó ń bọ̀, èmi náà máa wá ìlú kan tí n óò máa lọ, kí n lè máa ti ibẹ̀ bọ̀.”

“Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín wá,” ni Lọ́yà wí.

Ní Mọ́ńdè ni àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ìròyìn ti bá wọn lọ́nà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọlé bí ẹni tó fọ́ àwo, wọ́n di ẹran gbígbẹ sínú ọ̀rá, wọn kò lè wo ojú Lọ́yà. Mẹkáníìkì kan tó ti Ìwó dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

“Bàbá, a ò sí níbẹ̀. Ẹ má bínú.”

“Ẹ káàbọ̀. Ṣé màmá wà dáadáa?”

“Wọ́n wà, sà. Wọ́n ní ká kí yín.” Ó dìde, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. “Ẹ̀n-ẹ́n, Káńsẹ́lọ̀. Gọ́tà iwájú ilé wa yẹn, omi rẹ̀ ò lọ mọ́ o. Ó ti tó kí ẹ ṣe nǹkan sí i.”

Mọ́mì Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí kò dìbò ló ń sọ̀rọ̀ gọ́tà!”

“Mọ́mì, ṣé nítorí a lọ sílé ni omi ò fi ní í ṣàn?”

Ọ̀rọ̀ náà pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan ti ń dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kadà tó ń dí ọ̀nà. Lọ́yà fa àga oníke síta, ó jókòó. Ó ní kí n sáré lọ mú bébà wá. Mo mú odindi páálí.

“Kọ afárá sí òkè pátápátá,” ó ní. “Kí o wá kọ gọ́tà tẹ̀lé e.”

“Ti mẹkáníìkì? Kò kúkú dìbò, sà.”

“Nọ́ńbà ilé rẹ̀ ńkọ́?”

“Mọ́kànlélógún.”

“Kọ ọ́. Kọ ìbú gọ́tà náà sí i. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, lọ wọ̀n ọ́n.”

Mo gbé rúlà, mo lọ.